Ẹ yé gbá ọmọ akólòlò lẹ́nu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mo ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi, Àkànní, ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há a lẹ́nu. "Mo-mo-mo," ojú á pọ́n, á fẹsẹ̀ janlẹ̀, kí "mo fẹ́ mumi" tó jáde. Wọ́n ní kí n máa gbá a lẹ́nu, mo sì ń gbá a. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé tá a bá jọ ń kọrin nídìí asẹ́, ohùn rẹ̀ á já gaara. Tí mo bá ń kì í, tó ń bá mi sọ ọ́, kò ní kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní àgálámàṣà ló ń ṣe. Mo nà án nítorí ẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá ra èlùbọ́ ló gbọ́ igbe mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ti akólòlò rí: orin kì í sábà há wọn lẹ́nu, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ní láàárín ọdún 2 sí 5 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń fi sílẹ̀, àmọ́ tó bá ti tó oṣù 6 tí kò lọ, ká gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí. Háà! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Ìsẹ́yìn ńkọ́? A ti rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbi ìnáwó.

Ní báyìí, tí Àkànní bá fẹ́ sọ̀rọ̀, màá gbé asẹ́ sílẹ̀, màá wojú ẹ̀, màá dákẹ́. Àwọn oníbàárà ni mo ń bá fà á: kó tó pe "kóńgò" tán, wọ́n á ti bá a pè é. Olùkọ́ kan tiẹ̀ ní kó dúró lórí àga títí tó fi máa dárúkọ ara ẹ̀, gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín. À ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ta ló ń dúró kó pè é tán?

Ní Sátidé tó kọjá, ó wọn kóńgò 2 fún ìyá kan. "Ẹ-ẹ-ẹ-ẹ..." Ìyá náà sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀, ó dúró dè é. "Ẹ ṣé, mà."

Èmi ni,
Ìyá Elélùbọ́,
Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.