Owó Band A, iná Band E: ẹja mi ti jẹrà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú tí lẹ́tà yìí bá gùn, inú ló ń bí mi, n ò sì mọ ibòmíì tí mo fẹ́ gbé e lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá mo ra iná ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, yúníìtì 44 àti díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Wọ́n pín àdúgbò sí ìsọ̀rí, láti Band A dé Band E, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n ní àwọn á fi máa fún wọn níná. Band A ni àdúgbò wa, àwa la yẹ ká máa ríná wákàtí 20 lójúmọ́, Band E ló kéré jù. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún mi sínú mítà, ó gbà á, kò pé wákàtí kan wọ́n mú iná lọ, a ò sì rí i mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹja ni mo ń tà. Láàárọ̀ Sátidé mo rí omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ fíríísà, omi pupa rẹ́súrẹ́sú, n ò tíì ṣí i tí mo ti mọ̀. Pàálí ṣáwá méjì, pàálí títọ́ọ̀sì kan. Títọ́ọ̀sì tó máa ń le bí òkúta, mo fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀, ìka mi wọlé. Mo yan díẹ̀ nínú ṣáwá, mo tà á ní ìdajì owó, ajá àdúgbò ló jẹ ìyókù. Jẹnẹrétọ̀ tí mo ní, fáànù àti gílóòbù ló lè gbé, kò lè gbé fíríísà méjì.

Mo pe iléeṣẹ́ iná. Ọmọbìnrin tó gbé e ní "màmá, ẹ ṣe sùúrù, àwọn ẹnjiníà wa ti wà lórí ẹ̀." Mo pè lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ló sọ, bíi rédíò. Nígbà tí àwọn tó gbé àkàsọ̀ dé, wọ́n ní fíúsì ẹ̀rọ tiransifọ́mà ló jó, ká lọ dáwó. Ká dáwó! Ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwa, tí wọ́n fi ń pawó lórí wa. A dá a ṣá, kí la fẹ́ ṣe?

Ohun tó ń dùn mí ò ju èyí lọ: owó Band A ni mò ń san, iná Band E ni mò ń rí. Ẹnì kan lọ́jà ní kí ni mò ń pariwo sí, ṣebí mítà ni mò ń lò, ohun tí mo bá lò náà ni mo sanwó ẹ̀. Ó parọ́. Kí ló dé tí yúníìtì tèmi fi jẹ́ 209 náírà àti kọ́bọ̀, tí ti àwọn ará òdìkejì títì tí wọ́n wà ní Band B jẹ́ 60 náírà lé díẹ̀? Ṣé iná tèmi dùn ju tiwọn lọ ni? Wákàtí 20 tí wọ́n ṣèlérí ni mò ń san ìyàtọ̀ ẹ̀ fún. Tí mo bá gbowó títọ́ọ̀sì lọ́wọ́ yín, tí mo wá di ṣáwá sínú nylon fún yín, ṣé ẹ ò ní jù ú padà lù mí?

Nígbà tí wọ́n gbé owó yìí látorí nǹkan bíi 68 náírà sí 225 ní April 2024, kó tó wálẹ̀ díẹ̀, mínísítà iná ní àṣà wa ni ká máa fi fíríísà sílẹ̀ lórí iná torí pé iná ti pọ́ọ́kú jù. Ó yẹ kó wá wo tèmi. Fíríísà mi ti sinmi dáadáa.

Èyí tó tún wá ń pani lẹ́rìn-ín ni pé Òṣogbo ńbí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, ti Kano o, ti Port Harcourt o, ńbí ni wọ́n ti ń wò ó. Ní 2024 nìkan, ó lé ní ìgbà mẹ́wàá tí iná náà dákú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó lè fún wa ní ohun tó lé ní 12,000 megawatt wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n 4,000 sí 5,000 náà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa tá a lé ní igba mílíọ̀nù. Láti 2013 tí wọ́n ti ta NEPA náà la ti ń gbọ́ "yóò dára." Àwọn ọ̀gá tó jókòó lábẹ́ AC l'Ábújá, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í dákẹ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀?

Òfin wà o. NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ní tí àdúgbò Band A ò bá rí iná tó yẹ fún ọjọ́ 7 léraléra, kí wọ́n já a wálẹ̀ sí band tó tọ́ sí i. Ọjọ́ 7! Ẹja wo ló ń dúró de ọjọ́ 7? Tí wọ́n bá sì tan iná lọ́jọ́ kẹfà ńkọ́, ṣé a óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti oókan ni?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Mítà yìí kan náà, tí yúníìtì mi bá tán ní aago méjì òru, kíá ló ń já mi, kì í sùn, kì í gbàgbé, kì í sì í bẹ̀bẹ̀ pé ẹnjiníà wà lórí ẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó máa ka wákàtí tí iná fi wà lójúmọ́. Ọjọ́ tí kò bá pé 20, iye Band tó bá a mu ni kí wọ́n fi ka ohun tí mo lò lọ́jọ́ náà, kí wọ́n dá ìyókù padà nígbà tí mo bá tún ra iná. Ẹ wò ó, tí mo bá lo yúníìtì 10 lọ́jọ́ tí iná ò ju wákàtí 16 lọ, owó tí wọ́n gbà lórí mi fi bíi 1,500 náírà ju ti Band B lọ, ìyẹn ń lọ sí yúníìtì méje. Kó wọlé fúnra ẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni, láìkọ ìwé, láìlọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀. Ìgbà tó bá ń dun àpò wọn ni wọ́n á wá fíúsì kí àwa tó sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń ta gáàsì fún àwọn tó ń fi í pèsè iná, kí ìjọba san gbèsè tó jẹ wọ́n. Òfin iná ọdún 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó ti gbà á, kí Ọ̀ṣun náà tara ṣàṣà. Àwọn tó ń ní ká ra sólà, ẹ ṣeun, ẹ bá mi béèrè iye èyí tó lè gbé fíríísà méjì kẹ́ ẹ tó padà wá.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, wọ́n tún ti mú un lọ láti aago mẹ́rin. Pàálí kótè kan ló wà nínú fíríísà, èyí tí mo yáwó rà.

Èmi ìyá ẹlẹ́ja kan,
Òṣogbo.