Ẹ má pe géèmù tí kò ní páàdì ní òfò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ẹ̀rọ tó fi ariwo wọ ìgboro tí wọ́n sì rọra pòórá. Ẹni tó kọ ọ́ fi Kinect ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ẹ̀rọ tí Microsoft ṣe fún Xbox, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, tí èèyàn fi ń gbá géèmù láì mú páàdì kankan, ìyẹn ohun oníbọ́tìnnì tí wọ́n fi ń darí géèmù, lọ́wọ́. Ó ní òfò gbáà ni, pé kò sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é dúró lọ́dún 2017. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo gbé e sọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí kò kúrò níbẹ̀, mo ní kí n kọ ọ́ sí yín.

Atẹ̀wé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi tẹ̀wé, orí táíprátà la ti bẹ̀rẹ̀, ká tó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìka mi ni mo fi jẹun, ìka náà ni làkúrègbé sì wá bá jà. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi kì í ká mọ́, àtàǹpàkò òsì sì máa ń ta mí lálẹ́ bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Tí mo bá fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù, mo máa ń jókòó tì í ni.

Ọmọ ọmọ mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ gbogbo èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé òun fẹ́ kí màmá àgbà bá òun gbá géèmù. Á gbé páàdì lé mi lọ́wọ́: "Màmá, ẹ tẹ èyí. Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò yí ìyẹn." Bọ́tìnnì ara páàdì ọ̀hún ju mẹ́wàá lọ. Kí n tó rí ọ̀kan, wọ́n ti pa mí nínú géèmù, páàdì á sì yọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ó dáwọ́ dúró, kò pè mí mọ́. Kò bínú o, àánú mi ló ṣe é. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bàbá rẹ̀ ló rántí ohun tó wà nínú àpótí. Nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ra ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe tiwa, torí n kò wá pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọ̀pá dúdú kékeré kan ni, kò gùn tó rúlà ọmọ iléèwé. Wọ́n gbé e sí abẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n sún àga sẹ́yìn, wọ́n ká rọ́ọ̀gì nílẹ̀, ọmọ náà sì wọn ilẹ̀ títí ó fi tó mítà méjì. Ó ní, "Ẹ dúró síbí, Màmá. Ẹ juwọ́ sí i."

Mo juwọ́. Ọwọ́ kan yọ lójú tẹlifíṣàn. Mo gbé tèmi sókè, ìyẹn gòkè. Mo gbé e lọ sápá òsì, ó tẹ̀ lé mi. Mo nà án sórí ibi tí wọ́n kọ "bẹ̀rẹ̀" sí, mo kàn mú un dúró níbẹ̀, òbìrí kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún yí ọwọ́ náà ká, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pé. Eré ṣí. N kò tẹ nǹkan kan. Olóòtú, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mo sì yíjú kí ọmọ má rí i.

Mo ní kí ọmọ mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi náà sì lọ kà á. Kinect àkọ́kọ́ ni mo fi lóye rẹ̀, torí òun ni wọ́n kọ̀wé lé lórí jù. Ojú mẹ́ta ló ní. Ojú kan ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ infrared sí gbogbo yàrá, ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kò lè rí. Ojú kejì ń wo ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Èyí tó bọ́ sára èèyàn kò ní wà níbi tí ì bá wà ká ní ara ògiri ló bọ́ sí, ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ sì fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ojú kẹta ni kámẹ́rà tí gbogbo wa mọ̀. Ilé-iṣẹ́ PrimeSense ní Ísírẹ́lì ló ni ọgbọ́n ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ yìí. Àwọn Microsoft wá kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa wá oríkèé ogún lára èèyàn nínú àwòrán náà: orí, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ àtàwọn yòókù.

Kò sí ìka nínú wọn.

Àwọn tó mọ géèmù gbá dáadáa ka èyí sí àbùkù. Wọ́n ní kò yára tó páàdì, ọwọ́ lódindi ló ń rí, kò rí ìka. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ tèmi. Gbogbo nǹkan tó wọ ilé wa láti bí ogún ọdún, ìka ló ń béèrè: fóònù, rìmóòtù, ẹ̀rọ tó ń sanwó ní báńkì. Èyí nìkan ló dé tí kò bi mí léèrè ìka. Èjìká àti apá ló ní kí n mú wá, mo sì ní wọn.

Eré tí a gbá kò le. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ oríṣiríṣi á máa já bọ́ láti òkè, èèyàn á fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ gbá a kó tó balẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, apá mi nìkan ni ẹ̀rọ ń rí, ẹsẹ̀ mi lójú tẹlifíṣàn sì ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù mú. Aṣọ tí mo wọ ló fà á. Ó gùn, ó fẹ̀, ó bo orúnkún. Mo lọ wọ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ sì dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo rẹ̀ tún dàrú, a kò mọ ohun tó ṣe é àfìgbà tí ọmọ fa kọ́tìnnì. Oòrùn náà ní infrared tirẹ̀, ó sì máa ń bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ ti kọ́tìnnì kẹ́ ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́.

Bọ́ọ̀lù 46 ni mo gbá lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọmọ mi gbá 112. A làágùn. Ìgbà tí mo na apá òsì kọjá orí láìrò ó tẹ́lẹ̀, mi ò rántí ìgbà tí mo ti ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. N kò sọ pé ó wo làkúrègbé san o, ìka mi ṣì wà bó ṣe wà.

Ó ku ohun kan nínú àpilẹ̀kọ yín tí mo fẹ́ tún ṣe. Ẹ kọ ọ́ bíi pé wọn kò ra Kinect. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ló kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé Guinness, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ jù lágbàáyé, sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n tà láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n rà á. Kì í sì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ní ká fi ara gbá géèmù: Sony ti mú kámẹ́rà EyeToy wá fún PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù tirẹ̀, láti 2003. Ọgbọ́n inú rẹ̀ náà kò kú. Apple ra PrimeSense lọ́dún 2013, nígbà tó sì di 2017, fóònù iPhone X jáde tòun ti ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ infrared tó ń dà sójú olówó rẹ̀ kó tó ṣí. Ní ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto, àwọn dókítà lo Kinect nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láti máa ṣí àwòrán inú ara aláìsàn láì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ọwọ́ wọn má bàa dọ̀tí. Ṣé òfò nìyẹn?

Ẹ̀rù kan ba èmi náà. Nǹkan tó ní kámẹ́rà àti maikirofóònù tó sì kọjú sí ibi tí èèyàn ń jókòó sí, kò yẹ ká fojú kékeré wò ó. Tí a bá ti gbá géèmù tán, mo máa ń yọ wáyà rẹ̀, mo sì máa ń fi aṣọ bò ó.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbé ara wọn, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń wà. Ó ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó ní, "Èmi náà ńkọ́?"

A tì í dé ibi tí a sàmì sí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó juwọ́. Èèyàn kan yọ lójú tẹlifíṣàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra, apá àga di apá rẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì parẹ́. Ó tún juwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló juwọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sórí itan, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, kò rí mi."

Ẹni tó dúró ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe eré náà. Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ní 2012, Microsoft gbé ètò kan jáde fún Kinect tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, èyí tó lè mọ ẹni tó jókòó: oríkèé mẹ́wàá ti òkè ara nìkan ló ń wá, kò béèrè ẹsẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ yín, nígbà mìíràn tí akọ̀ròyìn yín bá máa kọ̀wé lórí irú ẹ̀rọ yìí, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é pé ẹni tó jókòó ńkọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí, kí èèyàn mọ̀ kó tó rà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀bẹ̀ fún ju ọwọ́ kan lọ.

Eré wa máa ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń fò sókè, á sì fi hàn wá níparí. Nínú èyí tó yà lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo wà níwájú pẹ̀lú apá méjèèjì lókè. Lẹ́yìn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lókè fíofío, òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù.

Tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo lẹ́tà tó tóbi díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun kà á.

Èmi ni tiyín,
Ìyá àgbà kan, atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì