Ẹ Jẹ́ Kí Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Náà So Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí pé ojú ewé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí ni èsì tí ẹ fún òǹkàwé kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹni tó fi fọ́tò ewé igi kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, tó ní igi náà wà lẹ́yìn ilé òun, pé òjò dídì ń bò ó lọ́dọọdún síbẹ̀ kì í kú, tó sì ń béèrè orúkọ rẹ̀ àti bí òun ṣe lè mú un wá sí Ìbàdàn. Ẹ dá a lóhùn pé igi ọ̀pọ̀tọ́ inú Bíbélì ni, ẹ dárúkọ irú rẹ̀ pàtó, ẹ sì ní kó kó ẹ̀ka méjì mẹ́ta sínú àpò ìrìn-àjò rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wálé. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èyí àkọ́kọ́ nìkan ló tọ̀nà nínú ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀pọ̀tọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi orúkọ kan náà pe àwọn méjèèjì. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n nínú agbo Ficus, agbo tí ọ̀dán ìdí ọjà wà nínú rẹ̀, tí ìpín tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi náà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa máa ń so ní ṣùṣù lára ìtí àti lára ẹ̀ka ńláńlá, ewé rẹ̀ kò sì là. Ti inú Bíbélì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ficus carica, ìdí ewé lára ẹ̀ka ló ti máa ń so. Ewé rẹ̀ là sí mẹ́ta tàbí márùn-ún bí ọmọ ìka ọwọ́, ojú ewé náà sì máa ń ha ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀ bíi ti ìpín. Ẹni tó bá rí àmì wọ̀nyí pẹ̀lú oje funfun tó ń kán níbi tí a ti já a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹ̀yà igi náà. Èwo nínú àwọn irú tó wà lábẹ́ ẹ̀yà yẹn ni? Fọ́tò ewé kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn. Ní ọdún 1955, Ira Condit, onímọ̀ nípa ọ̀pọ̀tọ́ ní ìpínlẹ̀ California, to irú tó lé ní 600 jọ pẹ̀lú àpèjúwe wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ewé tó wà ní òjìji lára igi kan lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí oòrùn ń pa lára igi kan náà. Mo ti rí ewé tí kò là rárá àti ewé tó là sí márùn-ún lórí ẹ̀ka kan.

Mo mọ èyí nítorí pé irú igi bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ẹbí mi. Ní ọdún 2018, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ra ilé ní Chicago lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá kan tó ti di olóògbé. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà lẹ́yìn ilé náà lẹ́bàá ògiri tó kọjú sí gúúsù, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ olóògbé tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà ará Ítálì tó ń gbé ní ilé kejì ló sọ fún ọmọ mi pé gbogbo ìgbà òtútù ni bàbá náà máa ń fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé igi náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, yóò fi okùn dì í, yóò sì da garawa dé e lórí kí omi má baà wọnú rẹ̀. Ìyá náà ní bí àwọn èèyàn òun ti máa ń ṣe é nìyẹn ní ìlú òtútù, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń tẹ igi náà sínú yàrà, wọn a sì fi erùpẹ̀ bò ó títí òtútù yóò fi lọ.

Àwọn ọmọ mi kò wé e. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago já dé nǹkan bí ìwọ̀n 31 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ka ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ọ̀pọ̀tọ́ yìí kì í fara da ohun tó ju ìwọ̀n 12 nísàlẹ̀ òdo lọ. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, tí gbogbo igi àdúgbò ti rúwé, tiwọn ṣì dúró bí igi ìdáná. Àna mi ti ra àáké. Mo ní kí ọmọ mi fi èékánná họ èèpo igi náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kó sì kọjú fóònù sí i kí n máa wò ó bó ti ń họ ọ́. Láti orí ẹ̀ka títí dé ibi tó bá orúnkún rẹ̀ dọ́gba, gbígbẹ ni, àwọ̀ ilẹ̀ ló wà lábẹ́ èèpo. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ku ìka méjì kó kan ilẹ̀, àwọ̀ ewé ló yọ sábẹ́ èékánná rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Mo ní kí wọ́n gbé àáké sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ọ̀mùnú mẹ́sàn-án hù láti ìdí rẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹsàn-án yóò sì fi parí, wọ́n ti ga ju ọmọ mi lọ, wọ́n ti so, àwọn kan sì ti pọ́n.

Èso ọ̀mùnú yẹn kọ́ mi ní ohun tí ewé kò lè kọ́ mi. Ọ̀pọ̀tọ́ yìí lè so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: èyí àkọ́kọ́ máa ń jáde lára ẹ̀ka ọdún tó kọjá, èkejì lára ẹ̀ka tuntun. Igi tí òtútù pa ẹ̀ka rẹ̀ ti pàdánù ti àkọ́kọ́, nítorí náà igi tí yóò wúlò fún ẹni tó ń gbé ìlú òtútù ni èyí tó lè ti ìdí hù, kó so lára ọ̀mùnú ọdún náà, kí èso rẹ̀ sì pọ́n kí yìnyín tó tún dé. Ohun tí a ń pè ní ìfaradà òtútù nìyẹn. Gbòǹgbò tó yè ni àti èso tó yára, kì í ṣe pé ẹ̀ka rẹ̀ le bí irin. Ó tún jẹ́ kí n mọ̀ pé irú tí kò nílò kòkòrò ni. Àwọn irú kan wà tí èso wọn máa ń rẹ̀ dànù bí kòkòrò tíńtín kan, tó bá agbọ́n tan, kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú wọ inú èso náà, nítorí pé inú èso ni òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ fara pamọ́ sí. Ọdún 1899 ni àwọn àgbẹ̀ California tó rí kòkòrò náà mú wọlé tó sì dúró, kò sì sí ní Chicago.

Nígbà tí èso pọ́n, mo ní kí ọmọ mi mú rúlà. Ó wọn gígùn èso, ó wọn ọrùn rẹ̀ àti igi tó fi so mọ́ ẹ̀ka, ó wo ojú ihò ìdí rẹ̀ bóyá ó ṣí tàbí ó pa dé, ó là á sí méjì, ó ya inú rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó sì kọ ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ tẹ orí ba tó sì rọ̀, torí pé ọ̀pọ̀tọ́ tí a já ní líle kì í pọ́n sílé. Èèpo rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò tó fẹ́ dúdú, inú rẹ̀ pupa. Ó jọ èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lórúkọ Chicago Hardy, ṣùgbọ́n jíjọ kì í ṣe jíjẹ́, nítorí pé igi tó jọ ara wọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́gbà àwọn ará Ítálì, tí oníkálùkù sì fún tirẹ̀ lórúkọ. Àyẹ̀wò àbùdá nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀, kí a fi tirẹ̀ wé ti àwọn igi tí orúkọ wọn dájú, irú èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà kó jọ sí Davis ní California. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà orúkọ ilé náà ni a fún un: ohun tó wà lára páálí tí ọmọ mi so mọ́ ọn ni “Ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé, Chicago, 2018”. Bí a bá rí orúkọ rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kan, a ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò dúró de orúkọ kí a tó bímọ fún un, ibi tí èsì yín sì dùn mí jù nìyẹn, pé ẹ kò sọ fún òǹkàwé yẹn pé kó kọ́kọ́ sọ igi kan ṣoṣo náà di púpọ̀. Kóró rẹ̀ kò wúlò fún èyí. Kóró irú tí kò nílò kòkòrò kì í sábà ní ọmọ nínú, èyí tó bá sì hù láti ara irú mìíràn kì í dà bí ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka ni, bí a ti ń gé igi pákí, tí a ń gé lápálàpá ṣọgbà, tí àwọn baba wa sì ń gé ọ̀dán gbìn sí ojúde. Ọ̀nà náà ti pẹ́: ní Gilgal, ní àfonífojì Jọ́dánì, wọ́n hú èso ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́sàn-án tó ti di èédú jáde, tó ti tó nǹkan bí 11,400 ọdún, àwọn onímọ̀ kan sì sọ ní ọdún 2006 pé irú tí ènìyàn ń fi ẹ̀ka gbìn ni, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ta kò wọ́n.

Lẹ́yìn tí igi náà wọ́wé tán nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ mi gé ẹ̀ka méjìlá tó tó pẹ́ńsù nípọn, ìkọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó gé ìsàlẹ̀ wọn sí abẹ́ ojú igi, ó ṣan oje wọn dànù, ó fi bébà ìnuwọ́ tó rin díẹ̀ wé wọn sínú ọ̀rá, ó sì tọ́jú wọn sínú fíríìjì títí di oṣù Kejì. (Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé e wọ ìbọ̀wọ́; oje náà pẹ̀lú oòrùn bó ọrùn ọwọ́ ọmọ mi bí iná ní ọdún kejì.) Ó wá gbìn wọ́n sínú kọ́ọ̀bù ike tó mọ́ gaara, nínú yanrìn àti èèhá àgbọn, ó sì gbé wọn sórí fíríìjì níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé ti yọ, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin wọ́n láràárọ̀. Márùn-ún jẹrà. Ewé yẹn máa ń tan ènìyàn jẹ: oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ka tẹ́lẹ̀ ló fi yọ ọ́, kò tíì ní ẹnu tó lè fi mu omi. Mo ní kó máa wo ara ike, kó má bomi rin ín títí ìyanrìn òkè yóò fi gbẹ, kó má sì lọ́ ọ lọ sí ilẹ̀ títí yóò fi rí gbòǹgbò funfun lára ike yíká. Ìyẹn gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Méje ló yè. Ọ̀kan ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ará Ítálì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè tẹ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sínú ilẹ̀ láì gé e, kó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ọmú ìyá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò.

Ní ti pé kó kó ẹ̀ka sínú àpò wá sí Ìbàdàn, mo bẹ̀ yín, ẹ fa ọ̀rọ̀ yẹn padà. Kòkòrò àti àrùn ń bá ẹ̀ka rìn. Àrùn kan wà tó ń mú ewé ọ̀pọ̀tọ́ ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè kiri, ẹ̀ka ló sì ń gbà ràn, kò ní oògùn; bẹ́ẹ̀ sì ni agbo Ficus tiwa nìyí nínú igbó. Ìwé àṣẹ ni kó kọ́kọ́ gbà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè, tí ibùdó wọn kan wà ní Moor Plantation níbí, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìlera láti orílẹ̀-èdè tí igi ti ń bọ̀. Kó sì mọ̀ pé ìfaradà òtútù kò ní ṣe é ní oore kankan ní ìlú tí ọyẹ́ tó le jù kò lè mú omi dì. Òjò wa ni wàhálà, torí pé ọ̀rinrin máa ń mú ewé rẹ̀ dípẹtà bí irin. Mo tún fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbin kóró ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú ike. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti Tọ́kì wá, ó sì jẹ́ irú tó nílò kòkòrò náà. Yóò hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì yóò jẹ́ akọ, èyí tó bá sì jẹ́ abo lè máa rẹ èso dànù lọ́dọọdún níbí. Aládùúgbò mi kan ti tọ́jú irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Fún ẹni tí ó ní igi tí kò dá lójú pé ọ̀pọ̀tọ́ ni níbí, kó tẹ ẹ̀ka tó ní ewé àti èso sí àárín ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ, kó sì gbé e lọ sí ilé ìkó-ewé-pamọ́ ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, níbi tí ewéko gbígbẹ tó lé ní 100,000 wà. Wọ́n lè sọ ẹ̀yà rẹ̀ fún un.

Mo fi fọ́tò mẹ́rin sínú lẹ́tà yìí: ewé mẹ́ta láti ara ẹ̀ka kan náà, èso tí a fi rúlà wọ̀n, èso tí a là sí méjì, àti kọ́ọ̀bù ike tí gbòǹgbò hàn lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí òǹkàwé yẹn kó lè mọ ohun tí yóò yà nígbà tí tirẹ̀ bá so ní oṣù Kẹsàn-án, kó sì gé ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́yìn tó bá wọ́wé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Àpáta, Ìbàdàn.