Ọjọ́ tó wà lára físà kọ́ ni ọjọ́ ìpadàbọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ará Ifẹ̀ létí, pàápàá àwọn ìyá wa tó ń múra àtilọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ lókè òkun. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ọjọ́ tí físà máa kú ni àwọn gbọ́dọ̀ padà wálé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Físà ló ń gbé àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Iye ọjọ́ tí yóò lò nínú ilé, onílé ló ń sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé ìrìnnà yín wò ní pápákọ̀ òfurufú ló ń dá ọjọ́ fún yín. Oṣù 6 ló sábà máa ń jẹ́ fún àlejò. Ọjọ́ náà wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gúnlẹ̀, kí ẹ lè tètè rí i bí wọ́n bá ṣi orúkọ tàbí ọjọ́ kọ. Bí físà bá kú nígbà tí ọjọ́ I-94 kò tíì pé, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kò rú òfin. Èyí tó burú ni kí físà ṣì wà láàyè kí I-94 ti parí. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọjá, físà náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn tí I-94 ti parí kó tó kúrò, ọdún 3 ni wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Tó bá pé ọdún kan, ó di ọdún 10. Bí iṣẹ́ ọmọ kò bá tíì tán, fọ́ọ̀mù I-539 ni ẹ ó fi tọrọ àfikún. Ẹ fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 45 ṣáájú kí I-94 tó parí.

Ti Ìlú Ọba kò lọ títí: físà àlejò ìbáà jẹ́ ti ọdún 2, 5 tàbí 10, oṣù 6 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Lára físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìparí nìkan. Wọ́n sábà ń fi ọjọ́ 15 lé ọjọ́ ìparí nítorí pé ìrìn àjò lè yẹ̀; ẹ kò lè fi ìyẹn kún iye ọjọ́ tí ẹ ó lò lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, wọ́n ń ka méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ń lọ kàwé sí i ní Jámánì, físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà yín kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ bá ti kó sínú ilé, ẹ lọ forúkọ àdírẹ́ẹ̀sì yín sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún ìwé ìgbélùú kí físà náà tó parí. Ibi tó ti ń há ni pé ìwé tí onílé fọwọ́ sí ni wọ́n fi ń forúkọ àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, àwọn kan tó ń fi yàrá háyà kì í sì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ bi onílé bóyá yóò fọwọ́ sí i kí ẹ tó sanwó.

Òǹkàwé yín,
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀