Ẹ̀sùn lórí àwòrán àdìrẹ 12 tí mo gbé fún yín

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin tó ń gbé e ní iṣẹ́ mi ti parí, pé kí n lọ wo fáìlì mi dáadáa. Mo ti wò ó, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Àwòrán 12 ni mo fi ránṣẹ́, ìlà dúdú lórí ìwé funfun, tí ìyá mi olóògbé máa ń kọ́kọ́ fi bírò yà kó tó fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ. Mo skáànù wọn ní 600 dpi bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo san ₦60,000 tán pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ẹ bá mi sọ wọ́n di vector (àwòrán kọ̀ǹpútà tí ìlà rẹ̀ ṣeé fà, tí kì í bàjẹ́ bí a bá sọ ọ́ di ńlá) tí mo lè máa tún ṣe fúnra mi, kí n lè mú ìlà nípọn fún ìró, kí n sì mú un tẹ́ẹ́rẹ́ fún gèlè.

Ẹ jẹ́ kí n mú Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, torí òun ló bí mi nínú jù. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí ló ń tẹ̀ léra wọn níbẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ òpó kan mú pé kí n fà á gùn díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ìlà náà ló bá mi wá, ẹ̀gbẹ́ kejì kò kúrò níbi tó wà. Ẹ̀bá ìlà ni ẹ̀rọ yín yí ká, lọ́tùn-ún àti lósì, kò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà kan ti di méjì, mo wá fẹ́ mú un nípọn, kò sí ohun tí mo lè mú nípọn. Mo ka node (àmì kékeré tí a fi ń darí ìlà) 71 lára ọrùn ṣíbí kan ṣoṣo! Ẹni tó bá fi ọwọ́ yà á kò ní lò ju mẹ́rin, márùn-ún lọ. Mo lo Simplify, ó dín wọn kù lóòótọ́, àmọ́ gbogbo igun òpó wá rí roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀.

Ìyá mi ń dáná nígbà tó ń ya ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, àtẹ̀ka epo rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ yín ya òun náà, ó sọ ọ́ di ẹyọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 200. Ṣé ẹnì kankan lọ́dọ̀ yín tiẹ̀ wo iṣẹ́ yìí? (Mo fi àtẹ̀ka náà pamọ́ o, ìyẹn ò kàn yín.)

Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ńkọ́? SVG, irú fáìlì tí a máa ń fi vector pamọ́ sí, ni wọ́n kọ sí ìdí orúkọ wọn. Mo ṣí wọn, fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ni mo bá nínú wọn. Mo sún un mọ́jú, etí ìlà rí gbákagbàka bí àtẹ̀gùn. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Fáìlì tó ń jẹ́ SVG kọ́ ni vector.

Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. Trace Bitmap, ohun èlò tó ń sọ fọ́tò di vector fúnra rẹ̀, wà nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí mi ò san kọ́bọ̀ fún. Ká ní ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, n kì bá tí wá sọ́dọ̀ yín. "A ó fi ọwọ́ yà á" lẹ kọ sínú ìwé iye owó tí ẹ fún mi, owó iṣẹ́ ọwọ́ ni mo sì san.

Nítorí náà, ẹ tún gbogbo 12 yà láàárín ọjọ́ 14, kí ìlà kan jẹ́ ìlà kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦60,000 mi padà sí àkáǹtì tí mo fi san án. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, àjọ FCCPC tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ni mà á gbé e lọ bá. Mo ti fi rísíìtì àti fáìlì mẹ́ta yẹn mọ́ lẹ́tà yìí.

Ìwé ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún wọn skáànù, lọ́jọ́ kan náà ni mà á fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, aládìrẹ Ìtòkú.