Bí Ọmọdé Bá Ṣubú, Ojú Rẹ Ló Kọ́kọ́ Ń Wò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú ìtọ́jú ọmọ, o sì kú ìpayà àná. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tán, oorun ò tètè kùn mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbà mí lóorun. O ti ṣàlàyé fún mi pé nígbà tó ṣubú, tí kókó yọ níwájú orí rẹ̀, ó bú sẹ́kún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dákẹ́ nígbà tí o gbé e mọ́ra, ó sì padà sídìí eré rẹ̀ kí omijé tó gbẹ lójú rẹ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohùn tìrẹ ni kò kúrò létí mi. "Mọ́mì, mo kàn kẹ̀yìn sí i ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o sọ ọ́, bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́.

Kò sẹ́ni tó pè ọ́ lẹ́jọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, orí rẹ̀ wúwo ju bí ìyókù ara rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ, ohun tó bá sì wọ̀ ọ́ lójú ló ń sáré tọ̀, kì í wo ohun tó wà lọ́nà. Yóò forí gbá tábìlì. Yóò fi ẹnu sọ etí àga. Ìyá tí kò gbójú kúrò lára ọmọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ náà, ọmọ tirẹ̀ ń ṣubú.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn kí n tó fi ojú ara mi rí i. Ìwọ lo fi hàn mí. O tó bí ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà náà. O fẹsẹ̀ kọ etí ẹní, o dojú bolẹ̀, o sì gbé orí sókè. O ò sunkún. O kàn ń wò mí, ẹnu rẹ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ tó ń retí èsì. Èmi ni mo figbe ta. Mo sáré, mo já ọ gbà nílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni ẹkún tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀, o sì sun ún títí èémí rẹ fi sé, tí ètè rẹ ṣú bí aró. Kókó tó yọ níwájú orí rẹ kò tó orí àtàǹpàkò mi. Igbe mi ló dẹ́rù bà ọ́ ju ilẹ̀ tí o ṣubú lù lọ, mi ò sì gbàgbé ojú tí o fi wò mí títí di òní.

Torí náà, kí o tó mú omi, kí o tó wá aṣọ, ojú rẹ àti ohùn rẹ ni oògùn àkọ́kọ́. Mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yára lọ bá a, ṣùgbọ́n má pariwo. Kúnlẹ̀, kí ojú rẹ bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí o sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un: "Pẹ̀lẹ́. O ṣubú. Ó dùn ẹ́. Mọ́mì ti dé." Má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, òun ló ń dùn. Ọmọ tí wọ́n bá gbà pé ibẹ̀ dùn ún máa ń tètè dákẹ́ ju èyí tí wọ́n ń bá jiyàn lọ.

Bí o ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, jẹ́ kí ojú rẹ máa ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń ké, tó ń ju apá ju ẹsẹ̀, gbé e. Àmọ́ tó bá já bọ́ láti ibi gíga, tó wá sùn gbalaja tí kò mira, má gbé e sókè, má sì mì ín. Wò ó bóyá ó ń mí, má jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ yí, kí ẹnì kan sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Tí òun náà bá sunkún títí èémí rẹ̀ fi sé bí tìrẹ, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Má da omi sí i lójú, má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èémí yẹn sábà máa ń padà kí ìṣẹ́jú kan tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ìyá, odindi ọjọ́ kan ni. Tí kò bá padà, nọ́ńbà pàjáwìrì ni. Tí ó bá sì padà, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, sọ fún dókítà.

Ní ti kókó, mo mọ̀ pé bó ṣe tètè wú yẹn ló kó jìnnìjìnnì bá ọ. Awọ iwájú orí sún mọ́ egungun gan-an, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì pọ̀. Tí àwọn kéékèèké bá já, ẹ̀jẹ̀ náà ò rí ibi tàn kálẹ̀ sí, ló bá ń ti awọ síta. Bí kókó ṣe tóbi tó kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ṣe inú orí.

Omi tútù ni kí o fi tọ́jú rẹ̀. Rẹ tówẹ̀lì kékeré sínú omi tútù, fún un, kí o fi lé e. Tí o bá fẹ́ lo omi dídì, fi aṣọ wé e dáadáa, torí tí omi dídì bá kan awọ ọmọ ní ìhòòhò, ó lè jó o bí iná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ọmọ ò ní fẹ́ gbà, mo mọ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni pé mo kọ́kọ́ fi aṣọ tútù náà lé iwájú orí tèmi, mo ṣe "ààà", mo fi lé orí bèbí rẹ, mo wá gbé e fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo fi lé orí ara rẹ, omi ń kán sí ọ láyà, o sì ń ṣe "ààà" bíi tèmi. Má fọwọ́ ra kókó náà, má sì tẹ̀ ẹ́. Yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ìṣọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o mú ní pàtàkì jù. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ṣe kókó, má sì dẹwọ́ títí yóò fi di 48. Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o má jẹ́ kó sùn. Tí àsìkò oorun rẹ̀ bá tó, tó sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, jẹ́ kó sùn. Kí o kàn máa yọjú sí i, wo bó ṣe ń mí, fọwọ́ kàn án kó mira. Ṣùgbọ́n tó bá dákú, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó bá bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí o jí i tí kò jí bó ṣe yẹ, tí ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì ò dọ́gba, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi mímọ́ gaara ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, tí gìrì mú un, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ẹkún rẹ̀ kọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, má pè mí. Ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ. Bákan náà ni tó bá já bọ́ láti ibi tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, tàbí tí wíwú náà bá rọ̀ mẹ́kẹ́mẹ́kẹ́ tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn orí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó forí gbá nǹkan gidi, kí dókítà wò ó, láìjanpata.

Tí orúnkún bá bó, fọ ọwọ́ tìrẹ ná, kí o jẹ́ kí omi mímọ́ máa ṣàn lórí ọgbẹ́ náà títí iyẹ̀pẹ̀ fi lọ. Sípíríìtì ń ta ọmọ lára lásán, ó sì ń ba ẹran tó yẹ kó jinná jẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, má ṣí i wò láàárín, torí gbogbo ìgbà tí o bá ṣí i lo ń já ohun tó ń dì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ó nílò ilé ìwòsàn.

Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀: orí síwájú, má dá a sẹ́yìn. Fún ibi rírọ̀ imú náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnu máa ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ju bí ọgbẹ́ ibẹ̀ ṣe tó lọ, aṣọ tútù tó lè máa jẹ lẹ́nu ti tó o. Eyín ọmọdé tó bá yọ, má tì í padà sí erigi, o lè ṣe èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ léṣe. Gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Iná àti omi gbígbóná ò sí lára ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bọ́ aṣọ tó bo ibẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kí o sì gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Ó gùn, mo mọ̀. Máa kọrin fún un. Má fi ọṣẹ ìfọyín, òróró tàbí omi dídì sí i. Tó bá lé ròrò, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn.

Èyí kan wà tí àwa òbí fúnra wa ń fà: má di ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo mú gbé e sókè, má sì fa ọwọ́ rẹ̀ wọ́ ọ kúrò nílẹ̀ tó bá ń fapá jánú. Egungun ìgúnpá ọmọ kékeré tètè ń yẹ̀. Tí o bá rí i tó jẹ́ kí apá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò fẹ́ lò ó, dókítà ló máa dá a padà, ìwọ má gbìyànjú rẹ̀. Abẹ́ apá méjèèjì ni kí ẹ ti máa gbé e. Sọ fún ọkọ rẹ, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín mójú tó o.

Tí ìrora bá pọ̀, paracetamol ti ọmọdé, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò fún ọjọ́ orí àti ìwúwo rẹ̀. Sírínjì tó bá a wá ni kí o fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí inú ilé. Aspirin kò yẹ ọmọdé rárá.

Lọ́la tí ilẹ̀ bá mọ́, gbé e sún mọ́ fèrèsé kí o ya fọ́tò iwájú orí rẹ̀ fún mi. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣú díẹ̀ ju ti àná lọ. Má jẹ́ kó já ọ láyà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí àwọ̀ kó tó parẹ́, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kàn fẹ́ rí i ni. Kí o sì ya ojú tìrẹ náà mọ́ ọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ