Lẹ́tà sí Bàbá Àáfà, lórí ìbéèrè tí mo bi yín ní Kaduna

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Kubwa ni mo ti ń kọ ìwé yìí, àwọn ọmọ ti sùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó wọ awò yín kí ẹ tó kà á.

Ẹ rántí ilé kéú yín ní Tudun Wada. Ọmọ ọdún 11 ni mí, tàdáwà ti dá àwọ̀ sí mi lọ́wọ́, mo gbé wàláà lé itan. Mo bi yín pé: níbo ló wà nínú Kùráánì pé egungun ìhà ni wọ́n fi dá obìnrin? Kòbókò lẹ fi dá mi lóhùn.

Mi ò kọ̀wé láti bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní álífù, òun náà ni mo fi ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Egungun yẹn kò sí nínú Kùráánì. Áyà àkọ́kọ́ Súrà An-Nisa sọ pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun ti dá wa, àti pé inú rẹ̀ ló ti dá ẹnìkejì rẹ̀. Inú Hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, ni egungun wà, ọ̀rọ̀ tó sì ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí á máa ṣe dáadáa sí obìnrin. Ìyẹn ni a kì í gbọ́ nínú wáàsí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń túmọ̀ Súrà Kul Huwallahu fún wa: "Kò bímọ, ẹnikẹ́ni kò sì bí I." Lárúbáwá ní "huwa", bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin. Ẹnu yín ní "Ó", a kò sì gbọ́ akọ tàbí abo nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kà pé Asma Barlas, onímọ̀ Kùráánì ọmọ Pakistan, sọ pé Ọlọ́hun kì í ṣe ọkùnrin, kì í sì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí bàbá tàbí ọkọ tó lè máa jọba lé wa lórí ní orúkọ Rẹ̀, ohùn yín ni mo gbọ́. Ẹ ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀.

Amina Wadud, onímọ̀ Kùráánì, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó gba Ìsìláàmù ní 1972, orí táóhíìdì, ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni, ló gbé tirẹ̀ lé. Bí Ọlọ́hun bá ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ọgbọọgba ni ẹ̀dá yòókù dúró níwájú Rẹ̀. Ọkùnrin tó bá gun orí obìnrin jókòó ti wá ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí á wá orogún fún Ọlọ́hun.

Ẹ ó ní, áyà 34 Súrà An-Nisa kan náà ńkọ́? Mo ti rò ó títí. Ó ní ọkùnrin ni alámòójútó obìnrin, ó sì dárúkọ owó tí wọ́n ń ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyá mi. Bí ẹ bá ti ń kí ìrun àsùbáà parí, ẹ ń gbọ́ òórùn àkàrà rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Epo ti ta sí i lápá títí ó fi di àpá. Owó àkàrà yẹn ló san owó ilé àti owó ilé ìwé àwa mẹ́rin lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ta wá ni alámòójútó? Ní ti lílù tó wà nínú áyà yẹn, ó ṣì ń wúwo lọ́kàn mi. Ohun tí mo dì mú ni ẹ̀rí Aisha, ìyàwó Ànábì, pé Ànábì kò gbé ọwọ́ sókè na obìnrin rí.

Wọ́n gbà á wá pé Ummu Salama, ìyàwó Ànábì, bi í léèrè: kí ló dé tí Kùráánì ń dárúkọ ọkùnrin, tí kò dárúkọ àwa obìnrin? Áyà 35 Súrà Al-Ahzab ló sọ̀ kalẹ̀: mùsùlùmí lọ́kùnrin, mùsùlùmí lóbìnrin, onísùúrù lọ́kùnrin, onísùúrù lóbìnrin, títí dé òpin. Obìnrin béèrè, Ọlọ́hun dá a lóhùn.

Ṣéhù Usman dan Fodio tí ẹ fẹ́ràn bá àwọn àáfà ìgbà rẹ̀ wí, pé wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ìyàwó àtọmọbìnrin wọn wà nínú òkùnkùn. Ọmọ rẹ̀, Nana Asma'u, ló kó àwọn obìnrin 'Yan Taru jọ tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé máa kọ́ni.

Wòlímọ̀ ọmọ mi kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Áyà 35 yẹn ló máa kà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin lẹ máa ṣàdúà fún un. Ó ti ní ìbéèrè kan tó fẹ́ bi yín, kò tíì sọ ọ́ fún mi. Mo ti ní kó dúró dè yín.

Ọmọ yín ni, láti Kubwa.